Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá
Bí ìyá àgbà onígbàgbọ́ bá papò dà ní Ṣàngó n’Ìbàdàn, ohun tí mo máa ń tẹ́tí sí jù níbi àìsùn ni kíka ìtàn ìgbésí ayé wọn. Iṣẹ́ ọpọlọ ni kíkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kan á kàn to oyè ìjọ jọ. Ìyẹn kì í wọ̀ mí létí. Èyí tó dùn ni ti òǹkọ̀wé tó rántí pé ìdájí ni màmá máa ń gbàdúrà, tí wọ́n á dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ayálégbé, kí wọ́n tó dáná ẹ̀kọ.

Irú ìtàn ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ n’Ìbàdàn. Anna Hinderer, míṣọ́nnárì ará Gẹ̀ẹ́sì, bá David ọkọ rẹ̀ dé ibẹ̀ ní 1853. Kò bímọ, síbẹ̀ “Ìyá” ni àwọn ọmọ ilé míṣọ́n wọn ní Kúdẹtì ń pè é. Ó kú ní 1870. Ní 1872 ni wọ́n tẹ ìwé ìrántí tí wọ́n fi àwọn lẹ́tà rẹ̀ ṣe. Ìròyìn àìsàn kún inú ìwé náà, àti ogun Ìjàyè tó sé ọ̀nà mọ́ wọn, tí wọ́n fi ń ta ohun ìlò ilé kí àwọn ọmọ lè jẹun. Daniel Olúbí, tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, ló gba ìjọ Kúdẹtì nígbà tí tọkọtaya náà padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.