Ilé Jaekel: Ìtàn Rélùwéè Nínú Ọgbà Rélùwéè

Nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, l'Ékòó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ ní 1898. Ilé Jaekel ni wọ́n ń pè é. Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rélùwéè, òun náà ló sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sínú ìwé onípele mẹ́ta. Ní 2010, ẹgbẹ́ Legacy, tí ń ṣìkẹ́ àwọn ilé àtijọ́, tún ilé náà ṣe lábẹ́ àbójútó ayàwòrán-ilé John Godwin, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré.

Ìtàn tó wà níbẹ̀ kò kéré. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìdó. Ó gba Agége, ó gba Ìfọ̀, ó kan Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di 1901, ọkọ̀ ti ń ná Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909. Ẹrù tí alárù ń forí rù fún ọjọ́ púpọ̀ di ohun tí ọkọ̀ ń gbé láàárín ọjọ́ kan. Èkuro àti kòkó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ àti páànù ń gòkè lọ sóko.

Àwòrán ni ọrọ̀ ilé náà, láti nǹkan bí 1940 títí wọ inú àwọn ọdún 1970. Ohun tó wù mí jù nínú ìpàtẹ náà ni pé ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa wu ojú, ṣùgbọ́n kì í dá rìn. Ẹnìkan ní láti fi ṣọ́bìrì da èédú Enúgu sínú iná kí omi tó hó, kí ooru rẹ̀ tó ti irin. Ẹlòmíràn ń yí ojú irin padà kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọra. Ẹlòmíràn ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn òṣìṣẹ́ báyìí, pẹ̀lú Michael Imoudu níwájú wọn, wà lára àwọn tó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 nígbà tí ọjà wọ́n gógó tí owó oṣù kò sì ká a mọ́. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní wo ojú wọn nínú àwòrán bí ẹni ń wo àlejò.

Ibi tí ilé náà wà tún bu iyì kún un. Wọn kò gbé ìtàn náà kúrò níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Irin àtijọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067, ṣì wà ládùúgbò. Kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson sọ, níbi tí irin tó fẹ̀ ní mílímítà 1,435 ti ń lọ sí Ìbàdàn láti 2021. Ẹni tó wo àwòrán tán lè lọ já tíkẹ́ẹ̀tì, kó sì wọkọ̀ gba Abẹ́òkúta, ìlú tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbà.

Ìpàtẹ náà kò tóbi, kò sì ṣe fújà. Ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ilé àtijọ́ tí a bá tún ṣe tó láti kọ́ ọmọ ìlú ní ìtàn. Àwọn ibùdókọ̀ àtijọ́ tó kù lójú ọ̀nà náà yẹ fún irú ìtọ́jú yìí.