Ohùn Tó Ń Wọ Àárín Ọ̀rọ̀

Ìjà kan wà ní ìparí apá kejì eré Daredevil tí mo máa ń fi dán àpèjúwe wò. Matt Murdock, lọ́yà tí kò ríran tí Charlie Cox ṣe, wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan láti lọ gba ọmọdékùnrin kan tí àwọn jàǹdùkú ará Rọ́ṣíà jí gbé. Ó ti fi aṣọ dúdú di orí mọ́ ojú. Kámẹ́rà kò kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Àwòrán ọ̀hún ń lọ láìjọ pé wọ́n gé e níbì kankan. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kọ ẹ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ìró ẹsẹ̀ ló máa gbọ́, ìró ẹ̀ṣẹ́, ìró igi tó ya, àti èémí. Ta ló lu ta? Ta ló wà nílẹ̀?

Àpèjúwe yìí ni ohùn kejì tó máa ń wọ àárín ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré, tó ń sọ ohun tí ojú ń rí fún ẹni tí kò ríran. Ó ti wà lórí ìtàgé kó tó dé inú ilé wa. Ní 1981, Margaret Pfanstiehl, obìnrin tí ojú rẹ̀ ti lọ, àti Cody Pfanstiehl ń ṣètò rẹ̀ fún àwọn tó wá wo eré ní Arena Stage ní Washington. Ní 1990, ilé iṣẹ́ WGBH ní Boston gbé e dé orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà. Nígbà tí Netflix gbé Daredevil jáde ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2015, kò sí àpèjúwe kankan nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò ríran ni akọni eré náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn fọhùn sókè, nígbà tí ọjọ́ mélòó kan sì kọjá, wọ́n fi í sí i.

Àwọn aṣàpèjúwe kan máa ń pa àwòrán ná, wọ́n á fi etí nìkan gbọ́ eré náà dé òpin, wọ́n á máa kọ gbogbo ibi tí ó ti sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan àwòrán. Lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán wà lókè, ìlà ohùn sì wà nísàlẹ̀: ó wú níbi tí òṣèré ti ń sọ̀rọ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí wọ́n dákẹ́. Ibi pẹrẹsẹ yẹn ni wọ́n ń wá. Aago kan ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń ka wákàtí, ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá àti férémù. Lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, férémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Aṣàpèjúwe á sàmì sí férémù tí àyè ti ṣí, á sàmì sí èyí tó ti pa dé. Bí àyè náà kò bá ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin lọ, gbólóhùn kúkúrú kan, bóyá méjì, ló gbà. Gbogbo ohun yòókù tí ojú rí níbẹ̀, á fi í sílẹ̀.

Ohun tó yàn nínú rẹ̀ gan-an ni mo máa ń tẹ́tí sí. Ẹ jẹ́ ká gbé ìjà inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn sí èdè wa wò. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọwọ́ sókè, olùgbọ́ ní láti mọ ibi tí ó wà: «Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Ilẹ̀kùn wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì.» Ó tó. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù: «Matt gbá a mú, ó gbé e lu ògiri. Èkejì dì í mú lẹ́yìn.» Èdè Yorùbá rọrùn fún irú iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta lè tẹ̀ lé ara wọn láìsí ohun tó dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ṣubú gbì ti fi àyè ṣòfò, torí etí ti gbọ́ gbì. Kó kọ ọ́ pé ó nà gbalaja. Ìyẹn kò sí nínú ìró.

Lẹ́yìn náà ni Matt já wọ yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kámẹ́rà kò tẹ̀ lé e wọlé. Ìjà ń lọ nínú yàrá, àwa tó ríran sì ń wo ògiri. Aṣàpèjúwe tó mọṣẹ́ á dákẹ́ níbẹ̀. Ohun kan náà ni ẹni tó ríran àti ẹni tí kò ríran ní lọ́wọ́ lásìkò yẹn, ohùn náà kò sì gbọdọ̀ bà á jẹ́. Àfi nígbà tí microwave fò jáde láti ẹnu ọ̀nà tó sì ba ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà: èyí gbọ́dọ̀ di sísọ, kíákíá, nítorí kò sí bí etí ṣe lè mọ̀ ọ́n.

Bí ìjà náà ti ń pẹ́ ni agbára Matt ń tán. Àṣà iṣẹ́ yìí ni pé kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n má sọ ìtumọ̀ rẹ̀: kì í ṣe «ó ti rẹ̀ ẹ́», bí kò ṣe «ó fẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ tẹ̀». Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ níbí, pàápàá nígbà tí èémí rẹ̀ ti ń sọ ìyókù. Síbẹ̀, mi ò rò pé ó yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ojú tó yí padà fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kò ṣeé kà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà. «Ẹ̀rù bà á» ṣe kedere, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún olùgbọ́ ju ìtàn ìpéǹpéjú àti ètè lọ. Ohun tí mi ò lè fara mọ́ ni kí wọ́n sọ ohun tí eré kò tíì sọ. Mo ti gbọ́ àpèjúwe kan tó dárúkọ apànìyàn nígbà tó ṣì fi ìbòjú bojú. Eré náà bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Bí ìwé bá parí, ó kan ẹni tí yóò kà á. Kò gbọdọ̀ ṣeré bí òṣèré, kò sì gbọdọ̀ gbẹ bí oníròyìn. Nínú ìjà, ohùn rẹ̀ á yá díẹ̀, kò ní lọ sókè. Ohùn ẹ̀rọ ló ń ka ti àwọn kan báyìí. Ó ń pe ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kì í dúró de èémí òṣèré kó tó wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á pò ó. Lórí Freeview, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi àpèjúwe ránṣẹ́ lọ́tọ̀, pẹ̀lú àmì tó ń sọ fún tẹlifíṣọ̀n bí yóò ṣe dín ìró eré kù tó. Tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló ń pò ó nínú ilé. Ti Netflix ti pò tán kó tó dé. Bí ìró eré bá lọ sílẹ̀ lójijì, yóò dà bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ olùgbọ́ níta. Èyí tó dára máa ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ohùn tó wọlé, á sì padà sókè kí òṣèré tó la ẹnu.

Ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é dáadáa, ẹni tí kò ríran ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ó lè gbọ́ ìjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tán, kó ní òun mọ ẹni tó ṣubú, òun ò mọ iye tó kù. Aṣàpèjúwe á padà sídìí kọ̀ǹpútà, á wá àyè kan láàárín ẹ̀ṣẹ́ méjì, á pa «ọkùnrin kan dìde» rẹ́, á kọ «méjì tún dìde» sí ipò rẹ̀, á sì tún aago náà kà bóyá ó wọ̀.