Sinimá 9 to 5: Àṣírí Ọ̀gá Lọ́wọ́ Obìnrin Mẹ́ta

Ọdún 1980 ni sinimá apanilẹ́rìn-ín tí wọ́n ń pè ní 9 to 5 jáde ní Amẹ́ríkà. Colin Higgins ni olùdarí rẹ̀. Jane Fonda, Lily Tomlin àti Dolly Parton ni wọ́n ṣe obìnrin mẹ́ta tí ìtàn náà dá lé lórí. Títí di òní ni ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ojú iṣẹ́ yìí kò sì jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín dé òpin.

Hart ni orúkọ ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì. Ìgbéga tí ó tọ́ sí Violet, ọkùnrin tí Violet fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ni ó gbé e fún. Ó tún ń parọ́ káàkiri pé òun ń bá Doralee, akọ̀wé òun, sùn. Lọ́jọ́ kan, Violet ṣèèṣì bu májèlé eku sínú kọfí ọ̀gá. Hart kò mu ún, ṣùgbọ́n ó gbọ́ nípa rẹ̀. Ni ó bá sọ fún Doralee pé bí kò bá gbà fún òun, òun yóò pe ọlọ́pàá. Wọ́n dè é mọ́lẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀gá ń ta ẹrù ilé-iṣẹ́ níkọ̀kọ̀, ó ń kó owó rẹ̀ sápò. Àwọn náà wá ní àṣírí tí wọ́n lè fi halẹ̀ mọ́ ọn.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a ronú. Ìwé ọjà ni ẹ̀rí tí wọ́n ń dúró dè, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kí wọ́n tó rí i lò, Hart ti já, ó ti dá ẹrù padà sí ilé ìkẹ́rùsí. Àṣírí tí a fi pamọ́ láti fi dẹ́rù bani, bí ẹja ni, kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yẹ ìwé owó wò ni ó yẹ kí ó lọ lọ́jọ́ tí a rí i. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé e lọ, nítorí ọwọ́ tiwọn náà kò mọ́ mọ́.

Ohun tí ó gbà wọ́n yàtọ̀ sí ìhàlẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá wà nínú ìdè, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ tún ọ́fíìsì ṣe: òṣìṣẹ́ lè yan wákàtí tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ibi ìtọ́jú ọmọ wà, owó tọkùnrin tobìnrin sì dọ́gba. Nígbà tí alága ilé-iṣẹ́ dé, iṣẹ́ ti fi ìdá 20 nínú 100 gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ó yin Hart, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Brazil. Ohun kan ṣoṣo ni ó ní kí wọ́n fagi lé: owó ọgbọọgba. Kò sí ibi tí òtítọ́ sinimá yìí ti dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Láàárín wa nílẹ̀ àjèjì, ìwé ìgbélùú ni àṣírí náà sábà máa ń jẹ́. "Mo mọ bí o ṣe wọ ìlú yìí" ti tó láti sọ ènìyàn di ẹrú ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí ó ti dàgbà wo sinimá yìí. Bí ẹ̀rín bá parí, kí a bi wọ́n pé: bí ẹ bá rí olè níbi iṣẹ́, ta ni ẹ ó sọ fún, ọjọ́ wo sì ni ẹ ó sọ ọ́?