Níbi tí Ọ̀bọ Ti Wọ́pọ̀, Ọ̀bọ Kì Í Di Ìwin

Ẹni tó bá ti Mẹ́kà gun òkè al-Hada lọ sí Tááìfù yóò rí wọn lẹ́bàá títì: ọ̀bọ ńláńlá, ojú pupa, ìdí pupa, irun eérú bo èjìká akọ wọn bí ẹni gbé agbádá wọ̀. Àwọn onímọ́tò a máa dúró ju oúnjẹ sí wọn. Ará ibẹ̀ mọ ẹ̀dá onírun tó jọ ènìyàn dunjú. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ìyá àgbà Jẹ́dà, nínú agbègbè Híjáàsì kan náà, bá fẹ́ fi ìtàn dẹ́rù ba ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn, wọn kì í pe ọ̀bọ. Dujayra ni wọ́n ń pè, arẹwà obìnrin ẹlẹ́sẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tàbí Hol al-Layl, ẹ̀rù òru, tó kéré nígbà téèyàn kọ́kọ́ rí i, tí yóò sì máa ga, tí yóò máa ga.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní al-Balad, àdúgbò àtijọ́ Jẹ́dà tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2014, òkúta iyùn inú òkun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀nà àárín wọn há, fèrèsé onígi tí wọ́n ń pè ní rawashin sì yọ sórí ọ̀nà náà. Kí iná mànàmáná tó dé, bí ẹnì kan bá gbé àtùpà bọ̀ lẹ́yìn rẹ níbẹ̀, òjìji rẹ yóò máa ga lára ògiri iwájú. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni Hol al-Layl ti rí ara gbé wọ̀.

Òǹkọ̀wé al-Jahiz ti Basra, tó kú ní nǹkan bí ọdún 868, ti la ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Nínú Kitab al-Hayawan, ìwé rẹ̀ lórí ẹranko, ó gbé àlàyé olùkọ́ rẹ̀, al-Nazzam, kalẹ̀: ẹni tó bá dá wà pẹ́ ní aṣálẹ̀, ohun kékeré á di ńlá lójú rẹ̀, á máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Á fi kéwì, á fi pìtàn, ọmọ á sì dàgbà sínú ìtàn náà. Bí òkùnkùn bá wá ká ọmọ ọ̀hún mọ́ ibì kan, ohun tó ti gbọ́ ni yóò rí. Lámèyítọ́ gidi nìyẹn. Kò bú àwọn asọ̀tàn, kò sì gbà wọ́n gbọ́.

Ìwin kan tí wọ́n ń pè ní nasnas ló fi hàn jù pé ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ló ń fún ìwin ní ara. Lẹ́nu Lárúbáwá àtijọ́, ààbọ̀ ènìyàn ni: ààbọ̀ orí, apá kan, ẹsẹ̀ kan. Nígbà tó dé ọwọ́ Nizami Aruzi, òǹkọ̀wé Páṣíà ní ọ̀rúndún kejìlá, ó ti di ẹranko pápá Turkistan tó ń nàró rìn, tó sì fẹ́ràn láti máa wo ènìyàn. Lónìí, irú ọ̀bọ kan ni Lárúbáwá ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣa irú orúkọ báyìí jọ káàkiri ayé a máa kà wọ́n sí ẹ̀rí ẹranko kan ṣoṣo. Ní 1958, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì gun òkè Pamir lọ wá ẹ̀dá onírun tí wọ́n ń pè ní ènìyàn yìnyín. Wọn ò rí i. Ohun tí mo rí ni pé pápá tí kò ní ọ̀bọ ló nílò onírun nínú ìtàn. Híjáàsì ò nílò rẹ̀.

Àwa Yorùbá náà ò nílò rẹ̀. A mọ ìjímèrè, a mọ ìnàkí, ẹdun sì wà nínú oríkì ìbejì. Ẹni tó ń ba ọdẹ wa lẹ́rù ni Àrọ̀nì ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹni tí ń kọ́ onígboyà ní ewé. Mi ò sọ pé òun àti nasnas bára tan, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìtàn méjèèjì síra. Yaqut, òǹkọ̀wé àtijọ́ kan, nínú ìwé atọ́ka ìlú rẹ̀, kọ ìtàn bí àwọn ará gúúsù ilẹ̀ Lárúbáwá ṣe ń fi ajá dẹ nasnas, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Wọ́n pa ọ̀kan. Èkejì tó sá pamọ́ sórí igi sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ló sì tú u fó. Àrọ̀nì ń sọ̀rọ̀, ọdẹ ń jókòó gbọ́. Nasnas sọ̀rọ̀, wọ́n sì pa á jẹ. Nínú méjèèjì, ti nasnas ló ká mi lára jù, torí pé asọ̀tàn jẹ́ ká gbọ́ ohùn ẹran kí ó tó di ọbẹ̀, kò sì sọ ohun tí a ó fi ṣe.