Ojú Àlejò, Etí Àlejò: Clapperton àti Eré Alárìnjó ní Ọ̀yọ́ Ilé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ń ríran. Òwe yìí kò bá Hugh Clapperton mu tán. Ojú rẹ̀ ríran dáadáa. Etí ni kò ní.

Ilẹ̀ Scotland ni a ti bí i ní 1788, iṣẹ́ atukọ̀ ojú omi ni ó sì ń ṣe. Ó dé Sókótó ní 1824. Ní 1825 ó gba Àgbádárìgì wọlé, ó sì dé Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù January 1826. Ó kú nítòsí Sókótó ní 1827. Richard Lander, ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, ni ó kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ délé, a sì tẹ ìwé náà jáde ní 1829.

Katunga ni Clapperton pe Ọ̀yọ́ Ilé. Orúkọ tí àwọn Hausa ń pe ìlú náà nìyẹn. Pasko, ọmọ Hausa, sì wà lára àwọn ògbufọ̀ rẹ̀. Àlejò tí ó bá dé Fọlá Àgòrò, tí ó béèrè orúkọ àdúgbò lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, ohun tí ó bá gbọ́ ni yóò kọ.

Ṣùgbọ́n ní oṣù February 1826, wọ́n ṣeré níwájú Aláàfin, ó sì wò ó. Àwọn kan wọ inú àpò, wọ́n ń jó. Òjòlá jáde. Lẹ́yìn náà ni òyìnbó jáde: ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áásà, ó ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn òǹwòran ń rọ Clapperton pé kí ó wò ó dáadáa. Ó díbọ́n pé inú òun dùn, ó sì jẹ́wọ́ pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lè kọ bí wọ́n ṣe fi òun ṣẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ yẹ ní ẹni tí a lè gbà gbọ́.

Àbùkù ìwé náà wà níbòmíràn. Ó ní àwọn ayaba ń kọrin láàárín eré, àwọn èrò sì ń gbè é. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ nínú orin náà. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Ọ̀yọ́ Ilé ti di ahoro.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò fi ìwé yìí ṣe ẹ̀rí fún ìṣe, ìmúra àti ọjọ́ orí eré alárìnjó. Kí ó má fi ṣe ẹ̀rí fún orúkọ tàbí ìtumọ̀. Ẹnu àwọn ọlọ́jẹ̀ ni ìyẹn wà.