Ọta Tí Ọdẹ Ń Mú Wọ Igbó Ẹfọ̀n

Ní àfonífojì odò Zambezi ní Zimbabwe, igbó kan wà tí àwọn ọdẹ ń pè ní jess. Ó dí débi pé ẹfọ̀n lè wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síni kéèyàn má rí ju etí rẹ̀ lọ. Ọdẹ ilẹ̀ wa tó bá ti gbọ́ orúkọ ẹfọ̀n mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ìbọn bá bà á tí kò kú, inú jess yìí ló ń sá wọ̀, ọdẹ tó ń mú àlejò ṣọdẹ ló sì gbọ́dọ̀ wọlé tọ̀ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ọdẹ tó mọṣẹ́ ń rò tó bá ń ṣa ọta nínú àgọ́.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó mú ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àtàǹpàkò ti orí rẹ̀ wò bóyá ó ń mì, ó yẹ ìdí idẹ rẹ̀ wò, ó tì í wọnú ìbọn, ó tún fà á jáde. Èyí tó bá há, bó ti wù kó kéré mọ, kò ní bá a wọgbó.

Oríṣi orí ọta méjì ló ń kó. Ọ̀kan rọ̀ nímú, òjé tí wọ́n fi bàbà bò, ó sì máa ń fẹ̀ tó bá wọ ara ẹran. Èkejì le, kì í fẹ̀, tààrà ló ń lọ. Èyí tó rọ̀ ló ń fi sókè nínú ìbọn, torí pé nínú agbo, ọta líle lè la ẹfọ̀n kan já kó lọ ṣe òmíràn tó wà lẹ́yìn léṣe. Àwọn líle ló tò sábẹ́, nítorí ẹfọ̀n tó ti ń sá lọ, ìdí ló kọ síni. Ọta náà ní láti gba inú ikùn tó kún fún koríko kọjá kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ètò kékeré yìí wú mi lórí ju ìtóbi ìbọn kankan lọ.

Ní London ni ilé iṣẹ́ ìbọn Holland & Holland ti gbé ọta tí wọ́n ń pè ní .375 jáde ní 1912. Orí ọta rẹ̀ tó gíráàmù 19, kòròfo rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sókè, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ́ wọnú ìbọn wẹ́rẹ́. Ọta .416 ti Rigby, ilé iṣẹ́ ìbọn mìíràn, tó jáde ní 1911, lé ní gíráàmù 26. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kòròfo rẹ̀ tóbi, nítorí ètù ayé ìgbà náà máa ń le sí i nínú ooru, kòròfo a sì há. Ẹni tó ṣe é ro ti ọdẹ tí ẹfọ̀n ń bọ̀ wá bá.

Àwọn kan á ní ọta kékeré, mílímítà 7, ni ọdẹ ará Scotland kan tó ń jẹ́ Bell fi pa ọ̀pọ̀ erin. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bell fi ayùn la agbárí erin kó lè mọ ibi tí ọpọlọ wà. Ẹni tí kò ní ìmọ̀ Bell, kó má yá ọta Bell lò.

Àwọn mìíràn gbà pé ọta wíwúwo á gé ẹ̀ka kọjá. Kò sí ọta tí ẹ̀ka kò lè yí lójú ọ̀nà. Ńṣe ni ọdẹ ń lóṣòó, tó ń wá àlàfo láàárín ewé kó tó yìnbọn.

Ní tèmi, .375 ni kí àlejò mú, bó bá lè yìn ín láìdijú. Kí ẹni tó ń ṣamọ̀nà mú .416, kó sì to ọta líle sí apá ọ̀tún bẹ́líìtì rẹ̀ nìkan, kí ọwọ́ má baà ṣì í mú.