Ìgbálẹ̀ Tí A Rà Lọ́jà: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà Fún Àwọn Ọmọ Kékeré

Nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ sí òpin, ẹni tí ó bá dé ìsọ̀ àwọn tí ń ta ìgbálẹ̀, agbọ̀n àti ẹní yóò rí àwọn oníbàárà kan tí kì í sábà dé ibẹ̀ ní ìgbà mìíràn. Àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé ni. Olùkọ́ ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì, ìdí nìyẹn tí ìyá fi ń ná ìgbálẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, ọmọ yóò gbé ìgbálẹ̀ náà kalẹ̀ lórí tábìlì, olùkọ́ yóò sì kọ máàkì méje nínú mẹ́wàá sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ra ẹní yóò gba mẹ́sàn-án. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí owó rà nǹkan kan yóò gba òdo, a ó sì ní kí ó kúnlẹ̀.

Kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́? Wọn kò kọ́ bí a ti í fá ewé kúrò lára imọ̀ ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kọ́ bí a ti í di ìgbálẹ̀ kí ó má tú. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ́ dájú ni pé ohun tí ẹlòmíràn ṣe, tí a sì fi owó rà, ènìyàn lè pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níwájú olùkọ́, kí olùkọ́ sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí yóò bá wọn dàgbà. Àwọn àgbà ní àtikékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ẹnu bá ń yà sí àwọn tí ń ra èsì ìdánwò nígbà tí wọ́n bá dàgbà, kí ó kọ́kọ́ padà lọ wo orí tábìlì yìí.

Àṣìṣe kejì wà lójú pátákó. Olùkọ́ yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya ife kan, tàbí òdòdó nínú ìgò, tàbí ilé tí ó ní fèrèsé méjì, gbogbo ọmọ kíláàsì yóò sì dà á kọ. Bí olùkọ́ bá kó ìwé ọgọ́ta ọmọ jọ, ife kan náà ni yóò rí ní ọgọ́ta ìgbà. Èyí tí ó bá jọ ti pátákó jù lọ ni yóò gba ipò kìn-ín-ní. Nínú ọgọ́ta ọmọ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó wo ife. Pátákó ni gbogbo wọn wò. Ọmọ tí ó ti ń fi ife mu omi láti ìgbà tí a ti já a lẹ́nu ọmú kò rí ààyè láti sọ ohun tí ó mọ̀ nípa ife.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ ọdún méje kan kò wo pátákó, tí ó ya ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń gún iyán. Ọmọ-odó ga ju ilé lọ. Apá ìyá gùn dé ilẹ̀, orí rẹ̀ sì tóbi ju igbá lọ. Ògiri ilé kò bo nǹkan kan mọ́lẹ̀: bàbá àgbà tí ó sùn sórí ẹní nínú yàrá hàn kedere, ìkòkò ọbẹ̀ sì hàn lórí ààrò. Gbogbo wọn, àti ènìyàn àti ewúrẹ́, dúró lórí ìlà kan ṣoṣo ní ìsàlẹ̀ ìwé. Olùkọ́ yóò mú yíǹkì pupa, yóò kọ ọ́ síbẹ̀ pé: kò dára, a kì í rí inú ilé láti ìta.

Olùkọ́ ṣe àṣìṣe, ọmọ kò ṣe é. Viktor Lowenfeld, ẹni tí ó ti ilẹ̀ Austria lọ ṣe olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1947, pé yíya àwòrán ọmọdé ní ìpele gẹ́gẹ́ bí ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ ti ní ìpele. Láti nǹkan bí ọdún méjì títí dé mẹ́rin, ọmọ a máa fa ìlà kiri lásán. Láti ọdún mẹ́rin títí dé méje, ìrísí ènìyàn àti nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Láti ọdún méje títí dé mẹ́sàn-án, ọmọ á ní ọ̀nà kan pàtó tí ó ń gbà ya ènìyàn, á fa ìlà ilẹ̀, á sì máa ya inú ilé mọ́ ìta. Ohun tí ó mọ̀ ni ó ń yà, kì í ṣe ohun tí ojú ẹni tí ó dúró sí ibì kan ń rí. Ó mọ̀ pé bàbá àgbà wà nínú yàrá; irọ́ ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀ bí ó bá fi í sílẹ̀. Apá ìyá gùn nítorí pé apá ni ó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ-odó ga nítorí pé ìró rẹ̀ ni ó gba gbogbo àgbàlá kan.

Ó yẹ kí èyí tètè yé olùkọ́ tí ó bá ti wo ère àwọn agbẹ́gilére Yorùbá rí. Orí àgbàlagbà kò ju nǹkan bí ìdáméje gíga ara rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n lára ère, orí a máa tó ìdámẹ́rin, a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé agbẹ́gilére kò mọ bí orí ènìyàn ti mọ. Orí ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí náà ni ó ṣe gba ààyè jù. A kò sọ pé ọmọ ọdún méje àti ọ̀gá agbẹ́gilére jẹ́ ọgbọọgba. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n mọ̀ yan ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ kò yàn án, bí ó ti rí lọ́kàn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó fi yíǹkì pupa fa igi lé àwòrán ọmọ ti fà á lé ìpìlẹ̀ tí ọmọ ìbá dúró lé dé ibi tí ọ̀gá dé.

Níbo ni àṣà méjèèjì yìí, ìgbálẹ̀ rírà àti pátákó dídàkọ, ti wá? Bí a bá yẹ ìtàn wò, a ó rí i pé ìyókù iṣẹ́ rere méjì ni wọ́n. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, dàgbà ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó rò pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya àwòrán kí ó jọ ènìyàn. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1920, nígbà tí ó sì padà, ó ń ti ilé-ìwé girama kan dé òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ohun tí ó jìnnà ti í kéré sí ojú, àti bí a ti í wọn ẹ̀yà ara ènìyàn. Òun ni ó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn kún un, tí Kenneth Murray fi dé ní ọdún 1927. Murray gba ọ̀nà tirẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ má ṣe fi iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wọn sílẹ̀, ó sì fi amọ̀ mímọ, igi gbígbẹ́ àti aṣọ híhun kún ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọdún 1937, ó kó iṣẹ́ díẹ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ fi hàn ní Lọ́ńdọ́nù. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn títí di òní pé èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó tọ̀nà. Àríyànjiyàn náà kò kan ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó bí a ti rò, nítorí pé ọ̀dọ́langba ni àwọn méjèèjì kọ́ jù. Ohun tí ó kàn wá ni pé èèpo iṣẹ́ wọn ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́, kì í ṣe ẹran inú rẹ̀. Onabolu ní kí ọmọ la ojú sílẹ̀ wo nǹkan dáradára. Àwa mú ìjọra, a fi wíwò sílẹ̀, ó di pátákó dídàkọ. Murray ní kí ọmọ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwa mú ohun tí a ṣe, a fi ṣíṣe sílẹ̀, ó di ìgbálẹ̀ rírà.

Àṣìṣe kẹta jẹ́ ti àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti kàwé, tí wọ́n sì ti gbọ́ pé òmìnira ni ọmọ nílò. Wọ́n gbọ́ pé Franz Cizek ṣí kíláàsì fún àwọn ọmọdé ní ìlú Vienna ní ọdún 1897, pé kò jẹ́ kí wọ́n máa da iṣẹ́ àgbà kọ. Wọ́n gbọ́ nípa Ọ̀ṣogbo, níbi tí Ulli Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kó ọ̀dà fún àwọn ọ̀dọ́ láàárín ọdún 1962 sí 1964, tí Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh àti Muraina Oyelami fi di olókìkí. Nítorí náà wọ́n á wọ kíláàsì, wọ́n á ní, “Ẹ ya ohun tí ó bá wù yín,” wọ́n á sì jókòó ti ìwé ìṣirò tí wọ́n fẹ́ máàkì. Ọmọ á tẹjú mọ́ ìwé òfìfo, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á sì ya ife.

Èyí kì í ṣe òmìnira; ìkọ̀sílẹ̀ ni. Àwọn ti Ọ̀ṣogbo kì í ṣe ọmọ kékeré, Georgina Beier kò sì fi wọ́n sílẹ̀: ó ń wo ọwọ́ olúkúlùkù láti mọ ibi tí ó ń lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Marion Richardson, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dudley ní ọdún 1912, kì í sọ pé kí ọmọ ya ohun tí ó bá wù ú. Yóò fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe àpèjúwe ibì kan fún wọn, wọn yóò di ojú, wọn yóò sì dúró títí ohun tí wọ́n gbọ́ yóò fi hàn lójú inú wọn, kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ọ̀dà. Ta ni ó yẹ kí èyí rọrùn fún tó olùkọ́ tí ó gbọ́ àlọ́ dàgbà? Kí olùkọ́ pa àlọ́ Ìjàpá dé ibi tí ó ti dun jù, kí ó dákẹ́, kí ó ní kí àwọn ọmọ ya ohun tí ó kù. Ọgọ́ta ọmọ yóò ya ọgọ́ta Ìjàpá, kò sì ní sí méjì tí yóò jọra.

Àwọn olùkọ́ yóò fèsì pé kò sí ọ̀dà, kò sí ìwé, àwọn ọmọ sì pọ̀ jù. Wọn kò purọ́. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọdún 1955, àti ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1976, iye ọmọ ni ó máa ń ṣáájú, ohun èlò a sì máa wá lẹ́yìn, bí ó bá tilẹ̀ wá. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí a mú wọlé ní ọdún 2008, a kó yíya àwòrán, orin àti eré oníṣe pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, èyí tí ó sì ń dín àkókò rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ọ̀dà òyìnbó kọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ ọnà ní ilẹ̀ yìí. Ẹfun, osùn, aró àti èédú ń bẹ. Ilá tí ó gbó tí kò ṣeé sè mọ́, bí a bá gé e ní ìbú, tí a tì í bọ osùn, tí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ìràwọ̀ ni yóò yọ. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kò lò ju láfún àti ìyẹ́ adìyẹ lọ láti ya ẹyẹ, ẹja àti òpó gbọ̀ngàn Mápó sórí aṣọ. Oje èso ulì ni àwọn obìnrin Igbo fi ń ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Amọ̀ ni àwọn mọlémọlé Hausa fi ń ya ọnà sára ògiri ní Zaria. Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà, kékeré ni ó wà nígbà tí ó ti kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òbí rẹ̀ obìnrin, kí ó tó dé ilé-iṣẹ́ amọ̀ tí ó wà ní Abuja àtijọ́, èyí tí a ń pè ní Suleja nísinsìnyí, ní ọdún 1954. Amọ̀ àti ọwọ́ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ilé-ìwé ní Nàìjíríà tí kò ní ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí ní ìtòsí.

Ẹ̀bi tí ó kù kì í ṣe ti olùkọ́, ti àwọn alábẹ̀wò ilé-ìwé ni. Alábẹ̀wò a máa wọ kíláàsì, a máa wo ògiri, a máa yin àwòrán tí ó mọ́ tónítóní tí ìlà rẹ̀ gún. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò fi òru ya àwòrán náà fúnra rẹ̀, yóò sì kọ orúkọ ọmọ sí i. Alábẹ̀wò tí ó bá ń yin ògiri, ògiri nìkan ni a ó máa tún ṣe dè é. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ni ó fẹ́ wò, kí ó mú àwòrán kan, kí ó pe ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ó sì ní, “Sọ ohun tí ó wà níhìn-ín fún mi.” Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí kò fẹ́ parí, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Bí ó bá dákẹ́, tí ó ń wo ojú olùkọ́, alábẹ̀wò ti rí ìdáhùn.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, olùkọ́ ni yóò na ọwọ́ sí pẹpẹ fún ọmọ. Ní ti iṣẹ́ ọnà ọmọ kékeré, inú akèrègbè ni nǹkan náà wà, ọwọ́ ọmọ nìkan ni ó lè yọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ dandan pé kí ilé-ìwé ní ìgbálẹ̀, kí a gé imọ̀ ọ̀pẹ wá sí ojúde, kí àwọn ọmọ jókòó fá a lójú olùkọ́, kí olúkúlùkù di tirẹ̀. Yóò wọ́. Òmíràn yóò tú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí a fi èyí tí kò tú gbá kíláàsì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọmọ tí ó ni ín sì rí i bí ó ti ń gbálẹ̀.